Nígbà Tí Wọ́n Bá Ní Àwọn Kò Gbà Á

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé ẹgbẹ́. Ibi kíkà: Mátíù 20:1–16

Ẹ̀kọ́ wa fún oṣù mẹ́ta yìí dá lórí ọ̀ràn kan tí ó wà nínú ilé púpọ̀ nínú wa, ṣùgbọ́n tí a kì í sábà sọ síta nígbà tí a bá pé jọ. Bí ọmọ ẹni bá yege ní ilé-ìwé, a ó mú un wá sílé Ọlọ́run láti dúpẹ́. Bí ó bá ń ṣègbéyàwó, gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò ra aṣọ kan náà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán láti ọdún mẹ́ta, tí ó ń wá iṣẹ́ tí kò rí, a kì í mẹ́nu kàn án. Bí ẹnì kan bá béèrè rẹ̀, a ó ní, "Ó wà, ó wà ńlé," a ó sì yára yí ọ̀rọ̀ padà.

Kí ó yé yín láti ìbẹ̀rẹ̀ pé a kò kọ ẹ̀kọ́ yìí láti bú ìjọba. Ọ̀rọ̀ ìyẹn wà níbẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ sì ń bọ̀. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni èyí tí ó wà ní ìkáwọ́ wa nínú ilé: kí ni à ń ṣe sí ọmọ tí wọ́n ti sọ fún pé àwọn kò gbà á? Kí sì ni òun fúnra rẹ̀ lè ṣe tí ọkàn rẹ̀ kò fi ní kú kí iṣẹ́ tó dé?

Ọmọ tí ó ń sùn ní garáàjì

Ọ̀kan nínú wa fún wa láyè láti sọ ìtàn yìí, bí a kò bá ti dárúkọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kọ́ iṣẹ́ ìṣirò owó ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, ó sin ìlú tán ní ilẹ̀ Haúsá, ó sì padà wálé. Ìyá náà yá owó nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ láti ra kóòtù àti bàtà dúdú fún un. Ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ayọ̀ ni gbogbo wọn fi ń ṣe é. Bí ọmọ náà bá ti ìta dé, kí ó tó bọ́ bàtà, ìyá rẹ̀ yóò bi í pé, "Ṣé wọ́n ti pè ọ́?" Ọmọ náà yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, "Ó kù díẹ̀, Màmá." Nígbà tí ó yá, ẹ̀rín náà dín kù. Nígbà tí ó tún yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní aago méje àárọ̀ lójoojúmọ́ pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ apá, kì í sì í wọlé títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Inú ìyá dùn pé ọmọ òun kò káwọ́ gbera.

Ó tó oṣù méjì kí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́, tí ó ń ta ẹ̀lùbọ́ lẹ́bàá garáàjì, tó fà á sí kọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìsìn. Ó ní, "Ẹ má bínú o, ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ yín ni mo máa ń rí ní búkà ẹ̀gbẹ́ wa láti àárọ̀. Kì í jẹun, kì í mu. Mo rò pé ẹ mọ̀ ni." Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ìyá náà lọ síbẹ̀. Ó bá ọmọ rẹ̀ tí ó ti sùn lọ lórí bẹ́ǹṣì, fáìlì wà lórí itan rẹ̀. Ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé ọmọ náà ń tan òun jẹ, ó sì ti múra tán láti fi ohùn líle jí i. Nígbà tí ọmọ náà lajú, ohun tí ó sọ ni pé, "Màmá, bí mo bá jókòó sílé, ẹ ó bi mí léèrè. Bí mo bá jáde, ọkàn yín á balẹ̀ títí di alẹ́."

Ẹ̀dà lẹ́tà 31 ni ó wà nínú fáìlì náà. Iléeṣẹ́ 2 péré ni ó dá a lóhùn, àwọn méjèèjì sì kọ̀wé pé ó dun àwọn pé àwọn kò lè gbà á. Àwọn 29 yòókù kò sọ nǹkan kan. Ìyá náà sọ fún wa pé, "Iléeṣẹ́ méjì ló kọ̀wé sí i pé àwọn ò gbà á. Èmi náà ń kọ tèmi sí i lálaalẹ́, mi ò mọ̀."

A kò sọ ìtàn yìí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ta ni nínú wa tí kò béèrè bẹ́ẹ̀ rí? Ìfẹ́ ni a fi ń béèrè. Ṣùgbọ́n létí ọmọ tí ó ti rìn kiri látàárọ̀, ó dà bí ìgbà tí a bá ní kí ó wá jíyìn ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó. Èyí tí a kì í kíyè sí ni pé ọ̀rọ̀ tí kò burú rárá lè yọ ọfà bí a bá ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ fún odidi ọdún kan. Ká má tilẹ̀ wá sọ ti èyí tí ó burú: "Ọmọ Lágbájá tí ẹ jọ jáde ti ra mọ́tò fún ìyá ẹ̀."

Ìyá àti ọmọ náà jọ fẹnu kò pé alẹ́ Sátidé nìkan ni àwọn yóò máa sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ọmọ náà yóò mú fáìlì rẹ̀ wá, yóò sọ ibi tí ó kọ̀wé sí lọ́sẹ̀ náà, ibi tí ó lọ, àti èyí tí ó fẹ́ ṣe lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Ní ọjọ́ mẹ́fà yòókù, bí ó bá ní ohun tí ó fẹ́ sọ, yóò sọ ọ́. Bí kò bá ní, kí a jẹun, kí a gbàdúrà, kí a sùn.

Ohun kejì ni ti owó. Ọmọ ọdún 27 tí ó ní láti wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa kí ó tó rí owó ọkọ̀ gbà, ojú ń tì í ju bí a ti rò lọ. Iye yòówù tí agbára wa bá ká, ìbáà kéré, kí a máa kó o fún un lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí a má sì máa bi í bí ó ti ná an. Ìyá náà sọ fún wa pé èyí gan-an ni ó tètè yí ojú ọmọ òun padà.

Kí ni "rárá" náà ń sọ?

Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó gbà pé bí iléeṣẹ́ kan bá kọ òun, ó ti wọn òun wò, ó sì rí i pé òun kò tó. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2014, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ìwọlé àti ìjáde àwọn ènìyàn pe àwọn tí ń wá iṣẹ́ fún ìdánwò ní àwọn pápá ìṣeré káàkiri Nàìjíríà. Ipò iṣẹ́ tí ó ṣí sílẹ̀ kò tó 5,000. Àwọn tí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ ju 500,000 lọ, oníkálukú wọn sì san 1,000 náírà. Èrò pọ̀ ju ẹnu ọ̀nà lọ. Ní Àbújá, ní Pọ́tákọ̀, ní Mínnà àti ní ìlú Bìní, àwọn ènìyàn tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Ó kéré tán, ẹ̀mí 15 ló bá a lọ, aboyún sì wà nínú wọn. Ọmọ ẹni ẹlẹ́ni ni gbogbo wọn.

Ká tilẹ̀ ní ètò náà lọ ní ìrọ̀rùn, tí gbogbo àwọn tí wọ́n wá sì jẹ́ ọlọ́gbọ́n, tí ìwé ẹ̀rí wọn pé, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ó ju 99 lọ tí wọn ì bá ti dá padà. "Rárá" irú èyí kò sọ nǹkan kan nípa ọmọ yín. Iléeṣẹ́ mìíràn kò fẹ́ ẹni tí ó bá ju ọmọ ọdún 26 lọ. Òmíràn kò fẹ́ kí ìwé ẹ̀rí jẹ́ ti gbogboǹṣe, yunifásítì ni ó ń wá. Òmíràn ti fún ọmọ ọ̀gá ní ipò náà kí ó tó gbé ìpolówó jáde. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ èyí.

Síbẹ̀, a kò fẹ́ kí ó di pé "ẹni mọ ẹni" ni a ó máa fi dáhùn gbogbo ọ̀rọ̀. "Rárá" wà tí ó ní ohun tí ó ń kọ́ni, ó kàn fẹ́ ẹni tí yóò fara balẹ̀ kà á ni. Bí ọmọ bá kọ lẹ́tà 30 tí ẹnikẹ́ni kò pè é, kí a wo lẹ́tà náà fúnra rẹ̀. A ti rí lẹ́tà kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ogún iléeṣẹ́, tí orúkọ iléeṣẹ́ àkọ́kọ́ ṣì wà nínú rẹ̀! Bí wọ́n bá ń pè é fún ìdánwò tí kò ń yege, kò sí nínú lẹ́tà mọ́; kí ó máa fi aago síwájú dán ara rẹ̀ wò nínú ìṣirò àti èdè, nítorí àìyára ni ó sábà máa ń pa wọ́n lára. Bí ó bá yege ìdánwò, tí ó bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ lójúkojú, tí wọn kò sì mú un, ìyẹn ni pé ó ti súnmọ́ ọn gan-an, ibi tí ó sì yẹ kí ó tún ṣe ni ẹnu rẹ̀.

Nínú èyí, àwa tí a kò kàwé púpọ̀ pàápàá lè ṣèrànwọ́. Ẹ ní kí ọmọ jókòó níwájú yín kí ó sọ ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, fún ìṣẹ́jú méjì, ní èdè Yorùbá. Bí ohun tí ó sọ kò bá yé ẹ̀yin tí ẹ bí i, báwo ni yóò ṣe yé ẹni tí kò rí i rí? Bí ó bá ti là á yé yín, kí ó wá sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ọjọ́ tí kò ní ètò

Láti ilẹ̀ òkèèrè ni a ó ti mú àpẹẹrẹ kan wá níhìn-ín, nítorí ó bá ohun tí à ń rí nínú ilé wa mu. Ní nǹkan bí 1930, ní abúlé kan tí ń jẹ́ Marienthal ní ilẹ̀ Austria, iléeṣẹ́ ìhunṣọ tí ó ń bọ́ gbogbo abúlé náà ti ilẹ̀kùn pa. Àwọn olùwádìí lọ síbẹ̀ láti wo bí àìríṣẹ́ ṣe ń ṣe ènìyàn. Obìnrin kan, Marie Jahoda, wà nínú wọn, wọ́n sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1933. Ènìyàn lè rò pé ẹni tí kò níṣẹ́ yóò ráyè kàwé. Ṣùgbọ́n ìwé tí àwọn ará abúlé náà ń yá ní ilé ìkówèésí wọn dín kù gidigidi. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní títì, wọ́n ń dúró láìsí ìdí, wọn kò sì lè sọ ohun tí wọ́n fi ọjọ́ ṣe bí a bá bi wọ́n. Àwọn obìnrin kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn yá, nítorí pé ọmọ àti ìkòkò ń retí wọn nílé.

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọkùnrin tí ó ń sùn di aago mẹ́wàá, ṣé ẹ rí i báyìí pé kì í ṣe ọ̀lẹ ni gbogbo ìgbà? Ọjọ́ tí kò ní ètò ni ó gbé e mì. Nítorí náà, kí ẹni tí ń wá iṣẹ́ máa jí ní àkókò kan náà, kí ó wẹ̀, kí ó wọṣọ. Wákàtí mẹ́ta ní àárọ̀ tó fún iṣẹ́ wíwá: lẹ́tà kíkọ, ìpolówó wíwò, ẹni tí ó yẹ kí ó lọ kí. Lẹ́yìn náà, kí ó ṣe nǹkan mìíràn tí yóò rí òpin rẹ̀ lójú ara rẹ̀, ìbáà jẹ́ kíkọ́ ọmọ aládùúgbò ní ìṣirò. Kí ó ní ìwé kékeré kan tí yóò máa kọ ohun tí ó ṣe sí. Ìdáhùn wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Lẹ́tà mẹ́ta tí ó fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí wà lọ́wọ́ tirẹ̀, ìyẹn ni kí ó máa kà.

Bí iṣẹ́ kékeré bá yọjú, kí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n a kò fara mọ́ àwọn tí ń sọ fún gbogbo ọmọ pé kí wọ́n ju ìwé ẹ̀rí sí àpótí, kí wọ́n gbàgbé rẹ̀. Ẹni tí ó ń rán aṣọ lè máa kọ lẹ́tà.

Ìbínú tí kò jáde

Ẹ má rò pé ti àwọn ọmọ nìkan ni ẹ̀kọ́ yìí. Nígbà tí báǹkì 89 di 25 ní ìparí ọdún 2005, ọ̀pọ̀lọpọ̀ òṣìṣẹ́ ni ó padà sílé, obìnrin pọ̀ nínú wọn. Ẹni tí a gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ni ọdún 45 ń ru ẹrù méjì: ìtìjú àti ìbínú. Ìbínú yìí a máa bá a wọ inú yàrá tí wọ́n ti ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ẹni tí ó jókòó níwájú rẹ̀ á sì gbóòórùn rẹ̀.

Ní 1994, ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn ẹnjiníà àgbàlagbà tí a dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ ní Texas. Wọ́n ní kí apá kan nínú wọn máa fi 20 ìṣẹ́jú kọ gbogbo ohun tí ó wà lọ́kàn wọn nípa iṣẹ́ tí ó bọ́ lọ́wọ́ wọn, fún ọjọ́ márùn-ún. Ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, àwọn tí wọ́n kọ ọ́ rí iṣẹ́ ju àwọn yòókù lọ. Kì í ṣe pé wọ́n fi lẹ́tà ìwáṣẹ́ ránṣẹ́ jù. Ó jọ pé wọ́n ti gbé ẹrù náà kalẹ̀ ni. Ẹ gbìyànjú rẹ̀: ẹ kọ ọ́, ẹ má fi han ẹnikẹ́ni, bí ẹ bá fẹ́, ẹ jó o níná.

Àwọn tí wọ́n dúró di ìrọ̀lẹ́

Nínú ibi kíkà wa, baálé ilé náà jáde ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ó tún jáde ní aago mẹ́sàn-án, ní ọ̀sán gangan, ní aago mẹ́ta, àti ní nǹkan bí aago márùn-ún. A sábà máa ń wàásù lórí owó tí ó san. Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí ó bá lọ́jà ní aago márùn-ún. Ó bi wọ́n ìdí tí wọ́n fi dúró láìṣe nǹkan kan. Wọ́n ní kò sí ẹni tí ó gbà wọ́n síṣẹ́. Kò bú wọn ní ọ̀lẹ. Ó gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́. Ẹ̀wẹ̀, ẹ rò ó wò: gbogbo ìgbà tí wọ́n wá mú àwọn mìíràn lọ lójú wọn lọ́jọ́ náà, wọn kò lọ sílé.

Èyí ni ó mú wa sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó lè má dùn létí. Àwọn kan wà tí yóò sọ fún ìyá pé ìyá ọkọ rẹ̀ ni ó ti ọ̀nà iṣẹ́ ọmọ pa, tí wọn yóò sì ní kí ó mú owó wá fún àdúrà ìtúsílẹ̀. A ti rí ilé tí ó dàrú nítorí èyí, tí ọmọ kò sì rí iṣẹ́ síbẹ̀. Iléeṣẹ́ kan tí ó ní ipò kan, tí 400 ènìyàn sì kọ̀wé sí i, kò nílò àjẹ́ kí ó tó dá 399 padà.

Ẹ kíyè sí ewu kejì pẹ̀lú. Ẹni tí "rárá" ti pọ̀ jù fún, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní "bẹ́ẹ̀ ni" ni yóò tẹ̀ lé. Ọmọ gba ìpè láti iléeṣẹ́ tí kò kọ̀wé sí. Ó dé ibẹ̀, wọ́n ní kí ó san owó fọ́ọ̀mù tàbí owó ẹ̀kọ́ṣẹ́. Kí ó yí padà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, ní Uyo, ọkùnrin kan fi iṣẹ́ tan ọmọbìnrin kan lọ, ó sì pa á. Nítorí náà, kí ọmọbìnrin má dá lọ sí ilé àdáni tàbí hòtẹ́ẹ̀lì nítorí iṣẹ́, kí ó sì fi àdírẹ́sì àti nọ́ńbà ẹni tí ó pè é sílẹ̀ fún wa kí ó tó jáde. Irú ìbéèrè yìí ni kí a máa béèrè: ibo lò ń lọ, ta ló pè ọ́, aago mélòó lo máa dé?

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ti ọmọ búkà ṣe parí. Kò rí iṣẹ́ lọ́sẹ̀ kejì. Ó tó oṣù mọ́kànlá sí i, kì í sì í ṣe láti inú lẹ́tà 31 yẹn. Níbi ìgbéyàwó ni ìyá rẹ̀ ti sọ ọ́ fún obìnrin kan tí wọn kò tíì rí ara wọn ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ pé, "Ọmọ mi ń wá iṣẹ́ o, ìṣirò owó ló kọ́." Obìnrin náà mọ ilé ìwòsàn aládàáni kan tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú ìwé owó. Owó iṣẹ́ náà kò pọ̀, ọmọ náà sì ṣì ń kọ lẹ́tà ní àárọ̀ Sátidé. Láti ọdún méjì ni ìyá rẹ̀ ti ń pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra nínú ẹgbẹ́ tiwa yìí, tí ó ní ju 60 obìnrin lọ, tí oníkálukú wa mọ ọjà tirẹ̀ àti ọ́fíìsì tirẹ̀.

Fún ìjíròrò ní ìpàdé: Kí ni ó ń mú wa fi ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò níṣẹ́ pa mọ́ fún ara wa? Ọ̀rọ̀ wo ni a máa ń sọ nílé tí a rò pé ìṣírí ni, tí ọmọ kò gbọ́ bẹ́ẹ̀? (Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ bi ọmọ kan kí ẹ tó wá.) Kí olúkúlùkù mú ìwé pélébé kan dání tí ó kọ orúkọ ẹni tí ń wá iṣẹ́ nínú ilé rẹ̀ sí, ohun tí ó kọ́, àti ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Akọ̀wé yóò ka gbogbo rẹ̀ sókè kí a tó dìde.